Ta Ló Ní Kí Wọ́n Hú Pèrègún?

Ní sáà tó kọjá, wọ́n hú pèrègún tó wà lẹ́yìn kíláàsì wa. Wọ́n wá ra òmíràn tí ìlà àwọ̀ ìyeyè là láàárín ewé, wọ́n gbé e sínú ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Wọ́n ní igi ojúbọ ni ti àtijọ́, pé igi òyìnbó ni ti tuntun. N kò gbà. Igi kan náà ni àwọn méjèèjì.

Dracaena fragrans ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè wọ́n, ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni igi náà sì ti ṣẹ̀. Massangeana ni àwọn tó ń ta òdòdó ń pe èyí tó nílà. Igi rẹ̀ ni wọ́n máa ń gé rì mọ́lẹ̀ kí ìlà náà má baà sọnù. Ọmọ pèrègún ni “igi òyìnbó” tí a lọ fowó rà.

Kí tilẹ̀ ni ìlà ọ̀hún? Wọ́n kọ́ wa nínú báyọ́lọ́jì pé kulorofíìlì ni ewé fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti ṣe oúnjẹ, òun náà ló sì ń fún un ní àwọ̀ ewé. (Àwa Yorùbá ti fi ewé sọ àwọ̀ náà lórúkọ, àfi bí ẹni pé ewé kì í ní àwọ̀ mìíràn!) Níbi tí ìlà ìyeyè yẹn gbà, kulorofíìlì ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ibi tí ewé kò ti lè ṣiṣẹ́ dáadáa gan-an la sanwó lé lórí. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá sì tó níbi tí wọ́n gbé e sí, ìlà náà á máa ṣá díẹ̀díẹ̀, ewé á wá fẹ́ jọ ti èyí tí wọ́n hú dànù.

N kò ní kò lẹ́wà o. Èmi náà máa ń bomi rin ín bó bá kan kíláàsì wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, ẹ̀yin náà mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń gbin pèrègún sí ààlà ilẹ̀: kì í tètè kú, bí wọ́n bá sì gé e, á tún rú. Bí ìjà ilẹ̀ bá dé, òun ni ẹlẹ́rìí. Èyí tí wọ́n hú yẹn ló pààlà láàárín ilé ìwé wa àti oko bàbá kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá náà ti wá béèrè ibi tí ilẹ̀ òun parí sí. Ṣé ìkòkò ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì la fẹ́ nà sí i?

Mo rí igi kan he nínú èyí tí wọ́n hú, mo rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ti yọ ewé méjì. Ẹ jẹ́ ká gbé e padà sí ààlà kí òjò tó dá.