Kí A Tó Dá Owó Ṣọ́ọ̀bù, Ẹ Jẹ́ Ká Ka Búlọ́ọ̀kù

 

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá tí a fẹ́ kọ́ sẹ́yìn ọjà la fẹ́ sọ lónìí. Agbaṣẹ́ṣe ti mú ìwé wá, àpapọ̀ owó nìkan ló kọ sínú ẹ̀. Àwọn kan ti ń sọ pé ká bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó. Àwa ò fara mọ́ ọn o.

Ẹ rántí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 la ṣírò ẹ̀, nígbà tí àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ nǹkan bíi ₦5,000. Ká tó dá owó pé, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún, náírà já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, sìmẹ́ńtì ti kọjá ₦10,000 níbi púpọ̀, débi pé ìjọba àpapọ̀ pe àwọn tó ń ṣe é jókòó, wọ́n jọ fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000. Ògiri tiwa ti dúró síbi fèrèsé. Koríko ló ń hù nínú ẹ̀ títí dòní. Ìyá kan nínú wa dá owó tirẹ̀ pé, ó kú láìlò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru sìmẹ́ńtì. Agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta ló mú ìwé wá nígbà náà, ẹni tí tirẹ̀ kéré jù la mú. Kò ka kòtò ìgbẹ́ mọ́ ọn, a ò sì béèrè.

Ìṣirò àkọ́kọ́ kì í ṣe iye owó gan-an, àbá ni. Bí wọ́n bá ní ká wá se oúnjẹ ìnáwó, ṣé a lè dá iye lé e láìbéèrè iye èèyàn tó ń bọ̀? Bẹ́ẹ̀ náà nilé. Ọ̀rọ̀ náà ò sì ju agbára wa lọ. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án gùn ní ínṣì 18, ó ga ní ínṣì 9. Ògiri tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, á gba búlọ́ọ̀kù bíi 90. Ẹni tó ń ka apẹ̀rẹ̀ tòmátì lè ka ìyẹn.

Ohun tí a fẹ́ nìyí:
1. Kó kọ ọjọ́ sórí ìwé. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míràn.
2. Kó ya owó ìpìlẹ̀, ògiri, òrùlé àti owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì kọ ohun tí kò sí nínú ẹ̀.
3. Kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn ọjà wò. Omi máa ń dúró síbẹ̀ lójò, ìpìlẹ̀ ilẹ̀ olómi sì ń jẹ owó.
4. Lórí gbogbo ₦100, ká fi ₦10 sí i fún ohun tí a ò rí tẹ́lẹ̀.
5. Ká gbé ìwé náà fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìṣirò ilé, tí wọ́n ń pè ní quantity surveyor. Láti ọdún 1986 lòfin ti ní kí wọ́n máa forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Àwọn kan á ní owó tí onítọ̀hún máa gbà ti pọ̀ jù. A gbà pé kì í ṣọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo koríko inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ wá sọ èyí tó wọ́n jù fún wa.

Bí ìwé tó kún bá dé, àwa la máa kọ́kọ́ dá owó. Kó tó dé, kówó kálukú wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwa fúnra wa la jìn sí tìṣáájú.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ yín.