Kí Ẹ Tó Pe Oníṣẹ́ POP, Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ Òrùlé Wò

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti tún POP pálọ̀ wa ní Èjìgbò ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni àbàwọ́n tó dà bí omi tíì tún padà yọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, abala kan já bọ́ sórí àga tí màmá àgbà máa ń jókòó sí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n ti dìde lọ kírun. Ìyá mi ní kí n tún pe oníṣẹ́ POP. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pe káfíńtà ná."

Èrò tèmi rèé: à ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Kí ni POP gan-an? Òkúta tí wọ́n ń pè ní gypsum ni. A ní in níbí, ní agbègbè Fíkà ní Ìpínlẹ̀ Yobe. Omi wà nínú òkúta yìí: nínú 100 gíráàmù rẹ̀, nǹkan bíi 21 jẹ́ omi. Tí wọ́n bá yan án ní nǹkan bíi 150°C, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi yẹn á lọ, á wá di ẹ̀tù funfun. Tí oníṣẹ́ bá po ẹ̀tù náà mọ́ omi, á gba omi rẹ̀ padà, á gbóná, á sì tún di òkúta. Gypsum yìí náà ni wọ́n ń fi bébà bò lójú méjèèjì láti fi ṣe ògiri inú ilé ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní drywall.

Àmọ́ omi tó mú un le náà ló ń bà á jẹ́. Lítà omi kan lè yọ́ bíi gíráàmù 2 nínú rẹ̀. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé òjò kan ló ń jò? Omi á tún wọnú àwọn ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀, POP á rọ̀, á wúwo, wáyà tó gbé e dúró á dípẹtà. Tí ẹ bá kàn lẹ ẹ̀tù tuntun mọ́ ọn tí ẹ sì fi ọ̀dà kùn ún, ẹ̀rí lẹ bò mọ́lẹ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí le jù ní Èjìgbò. Ọ̀pọ̀ ilé wa ló jẹ́ ti àwọn èèyàn wa tó wà ní Abidjan. Ìparí ọdún ni wọ́n ń wálé, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Wọ́n á tún POP ṣe, á dán, wọ́n á padà lọ. Òjò ló máa ń dán iṣẹ́ náà wò, wọn ò sì ní sí nílé.

Mi ò bú àwọn oníṣẹ́ o. Ohun tí a bá bẹ̀ wọ́n ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ ṣe ìdánwò kékeré yìí: ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà yí àbàwọ́n náà ká, kí ẹ kọ déètì sí i. Tí òjò bá rọ̀ tó sì kọjá ìlà, òrùlé ń jò, káfíńtà lẹ máa pè. Tí òjò ńlá bíi mẹ́ta bá rọ̀ tí kò sún, tó sì ti gbẹ dáadáa, ẹ wá pe oníṣẹ́ POP. Ẹ má san owó tán, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ kù di ẹ̀yìn òjò àkọ́kọ́. Oníṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lójú ò ní bínú. Tí POP bá sì ti tẹ̀ wálẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sábẹ̀ rẹ̀.

Ní tiwa, ìṣó kan péré ló ti tú lórí páànù. Káfíńtà ò lò ju wákàtí kan lọ. Mo fa ìlà yí àbàwọ́n tó kù ká, kò sì tíì kọjá rẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀yin ńkọ́, ìgbà wo lẹ wòkè gbẹ̀yìn?