Ìròyìn láti Inú Ìkùukùu Àrá

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò dá mi dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀, ní àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá nì. Bàbá tí ń ṣọ́ géètì jókòó sábẹ́ àtíbàbà onípáànù, ó ń gbọ́ asọ̀rọ̀mágbèsì rẹ̀. Kí àrá tó sán ni asọ̀rọ̀mágbèsì náà ti ń ké “ṣàà, ṣàà”. Bàbá ní: “Tíṣà, ta ni ó ń sọ fún un?”

Mo ní: “Bàbá, mànàmáná ni. Bí ó bá ti kọ, ohùn rédíò rẹ̀ a dé kíá bí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ariwo àrá fi ń rìn: kìlómítà kan, ìṣẹ́jú àáyá 3.”

Ṣùgbọ́n ohùn mìíràn wà tí rédíò Bàbá kò lè gbọ́. Láti òde ayé ni àwọn ohun wínníwínní kan ti ń já lu afẹ́fẹ́ wa. Victor Hess, ọmọ ilẹ̀ Austria, ni ó gun bàlúù lọ sókè ní 1912 tí ó fi mọ̀ pé òkè ni wọ́n ti ń wá. Bí ọ̀kan bá kọlu afẹ́fẹ́, a fọ́. Àfọ́kù rẹ̀ a tún fọ́ òmíràn, títí wọn yóò fi di ọ̀wààrà. Oríṣi iná méjì ni wọ́n gbé. Ayé tí í ṣe òòfà a fa oríṣi kan sọ́tùn-ún, a fa èkejì sósì, ìfàyapa yìí a sì dún lórí rédíò fún ìwọ̀n tí kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ní ilẹ̀ Holland, àwọn onímọ̀ to wáyà eríálì púpọ̀ sí pápá, wọ́n pè é ní LOFAR. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, ohun tí wọ́n gbọ́ a bá ìṣirò mu. Bí àrá bá ṣú, kò bá a mu rárá. Èmi ìbá ti dà á nù bí ohun tí ó bàjẹ́! Àwọn kò dà á nù. Ní 2015 wọ́n fi hàn pé iná inú ìkùukùu ni ó ń fa ọ̀wààrà náà gba ibòmíràn, àti pé láti inú ohùn tí ó yí padà a lè mọ bí iná náà ti le tó, àti ibi gíga tí ó wà. Bẹ́ẹ̀ ewu ni kí bàlúù tàbí ọkọ̀ òfurufú wọ ibẹ̀, àwọn onímọ̀ kò sì tíì fohùn ṣọ̀kan lórí bí mànàmáná ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bàbá gbọ́ tán, ó ní: “Tíṣà, èyí tí tèmi ń ké yìí ńkọ́?”

Mo ní èyíinì ni pé kí a wọlé, nítorí àtíbàbà tí kò ní ògiri kò gbani lọ́wọ́ mànàmáná. Ó gbé àga, mo gbé rédíò.