Ta ni ó wó ilé Fernandez?

Ní Owódé Onírin, irin àlòkù kì í di pàǹtí. Oníṣòwò á nù ún, á tún un tà. Ní Ìta Tinúbú, ní Èkó yìí kan náà, odidi ilé ni a sọ di pàǹtí. Ní 1855 ni àwọn Àgùdà kọ́ ọ fún ìdílé Fernandez, òun ni a wá mọ̀ sí Ilojo Bar. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956; ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016, katapílà wó o palẹ̀.

Ojúkòkòrò ẹbí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ mi ń bá wí. N kò gbà. Òfin tí ó ní kí onílé má tún ilé rẹ̀ kọ́, tí kò sì fún un lówó àtúnṣe, òun ni ó kọ́kọ́ gbé àáké. Ikán kì í ka ìwé ìkéde. Bí igi àjà bá ń jẹrà, tí owó ilẹ̀ sì ń gòkè lójoojúmọ́, ta ni yóò fara dà á? Èmi kọ́. Kí ìjọba sanwó gbẹ́nàgbẹ́nà fún èyí tí ó kù ní Pópó Àgùdà, tàbí kí ó rà wọ́n ní iye tí ọjà ń pè. Bí kò bá lè ṣe é, kí ó yọ òfin rẹ̀ kúrò lórí ilé onílé.