Ẹ Jẹ́ Kí Mai Gyara Tú Fóònù, Ṣùgbọ́n Ẹ Jókòó Tì Í

Ẹni tí ojú fóònù rẹ̀ bá fọ́ ní Noman's Land, ní Sabon Gari ìlú Kánò, kì í rìn jìnnà kó tó rí ẹni tí yóò bá a ṣe é. Tábìlì mai gyara, bí wọ́n ti ń pe atúnfóònùṣe níbẹ̀, kò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹni tí ti àdúgbò kò bá sì tẹ́ lọ́rùn lè gba Beirut Road lọ, tàbí kó wọ kẹ̀kẹ́ Adaidaita Sahu lọ sí ọjà fóònù Farm Centre. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn kan wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ báyìí: ra síkírínì fúnra rẹ, wo fídíò lórí YouTube, kí o sì pààrọ̀ rẹ̀ nílé. Ìmọ̀ràn náà dùn létí. Àmọ́ òkè òkun ló ti wá, ìṣirò owó tó gbé e ró lọ́hùn-ún kò sì bá tiwa mu. Ní tèmi, ohun tó yẹ kí oníbàárà Kánò kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ẹni tó ń tú fóònù, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń tú u.

Orí owó ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń dárúkọ. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, owó ọwọ́ oníṣẹ́ wọ́n. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lè rí nǹkan gidi fi pamọ́. Lọ́hùn-ún náà, kò rọrùn tó bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn. Nígbà tí Apple bẹ̀rẹ̀ ètò tí oníbàárà fi lè tún iPhone rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin ọdún 2022, dọ́là 49 ni wọ́n ń fi irinṣẹ́ rẹ̀ háyà fún ọ̀sẹ̀ kan. Àpótí ńlá méjì ni wọ́n kó o sí, ìwọ̀n wọn lápapọ̀ sì tó kílò 36. Kílò 36, nítorí fóònù tí kò tó ìdá mẹ́rin kílò kan! Ní ti Kánò, síkírínì ló ń kó owó lọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tí dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí náírà 460 tó sì kọjá 1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ohun èèlò tó ń wá láti Ṣáínà ti gbówó lórí, owó iṣẹ́ mai gyara sì wá dà bí ẹ̀ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é nílé fi ẹ̀ní pamọ́, ó sì ti fi odindi síkírínì ta tẹ́tẹ́. Bí wáyà rẹ̀ bá já, tàbí tí gíláàsì tuntun bá sán níbi tó ti ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, òun nìkan ni yóò ru ú. Bó bá jẹ́ ọwọ́ mai gyara ló ti bàjẹ́, ẹnì kan wà tí a lè di mú, ariwo ì báà tilẹ̀ pọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó yanjú.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ojú fídíò kan mọ̀. Lára ọ̀pọ̀ Tecno, Infinix àti itel tó kún ọwọ́ àwọn èèyàn wa, gọ́ọ̀mù ló lẹ síkírínì mọ́ férémù. Wọ́n á ṣí ẹ̀yìn fóònù, wọ́n á tú àwọn súkúrúù, wọ́n á kọ́kọ́ yọ ẹnu bátìrì kí iná má baà jó bọ́ọ̀dù, kí wọ́n tó yọ wáyà pẹlẹbẹ tó so síkírínì mọ́ ọn. Ìgbà yẹn ni wọn yóò tó fi ooru rọ gọ́ọ̀mù, tí wọn yóò sì máa fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ ya á díẹ̀díẹ̀ láti igun kan. Mai gyara ní pèpéle oníná tí ooru rẹ̀ ṣeé díwọ̀n. Ẹni tó wà nílé ní díráyà irun, bí NEPA bá gbà fún un. Ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ba wáyà iná ńlá Shiroro sí Kaduna jẹ́, tí Kánò àti ọ̀pọ̀ ìlú Àríwá sì wà lókùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Lára iPhone, súkúrúù kò gùn dọ́gba: bí èyí tó gùn bá wọ ihò èyí tó kúrú, ó lè gún bọ́ọ̀dù, fóònù tó kàn fọ́ lójú á sì di òkú. Bátìrì ló tilẹ̀ ń bani lẹ́rù jù. Bí irin ṣóńṣó bá gún un, tàbí tó bá tẹ̀ kọdọrọ, ó lè rú èéfín lójijì kó sì gbiná. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ iFixit, tí wọ́n ti ń kọ́ aráyé ní àtúnṣe láti ọdún 2003, fi ń kìlọ̀ pé kí iná bátìrì kọ́kọ́ wálẹ̀ sábẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó ṣí fóònù. Ẹ wá wo yàrá kan nínú ilé fẹ́ẹ́sì-mi-n-fẹ́ẹ́sì-ẹ: bẹ́ẹ̀dì, aṣọ tó so kọ́, àti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn onífídíò kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà. Kì í ṣe gbogbo ojú fóònù tó fọ́ ló ń fẹ́ síkírínì tuntun. Bí àwòrán bá ṣì mọ́ kedere, tí gbogbo igun rẹ̀ sì ń gbọ́ ìfọwọ́kàn, ó lè jẹ́ gíláàsì òkè nìkan ló lọ. Ẹni tó ní ẹ̀rọ á gbé e lé pèpéle gbígbóná, á fi wáyà tín-ín-rín ré gíláàsì náà kúrò, á lẹ òmíràn mọ́ ọn, á sì fi ẹ̀rọ lé afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe lórí tábìlì oúnjẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku kì í jẹ́ kí nǹkan kan mọ́ ní Kánò. Ẹni tó ti sáré ra odindi síkírínì ti náwó tí kò yẹ kó ná, kó tó tú súkúrúù kan. Síkírínì alára sì ní ìpele. Samsung tó ní síkírínì AMOLED, tí ìtẹ̀ka rẹ̀ wà lábẹ́ gíláàsì, kò ní gba ìtẹ̀ka mọ́ bí wọ́n bá fi síkírínì ayédèrú tó jẹ́ LCD lásán sí i. Mai gyara tó mọ iṣẹ́ mọ èyí. Ẹni tó ń ra síkírínì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ẹ̀yìn tó bá ti lẹ̀ ẹ́ tán ni yóò mọ̀.

Àwọn kan á ní mai gyara kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé: wọn a máa yọ ojúlówó ẹ̀yà fi ayédèrú rọ́pò, wọn a sì máa wo fọ́tò ẹni. Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kì í sì í ṣe Kánò nìkan. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí Yunifásítì Guelph ní Kánádà gbé kọ̀ǹpútà lọ fún àtúnṣe ní ibi 16; ní mẹ́fà nínú wọn, oníṣẹ́ yẹ nǹkan àṣírí wò, méjì tilẹ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sọ́dọ̀ ara wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwádìí yẹn fi hàn ni ewu tó wà nínú kí a fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ká máa lọ, ó sì jẹ́ pé ojú títì ni mai gyara Noman's Land jókòó sí. Àǹfààní tí ará Kánádà kò fi bẹ́ẹ̀ ní nìyẹn. Ẹ fa bẹ́ǹṣì, ẹ jókòó. Ẹ má sọ nọ́ńbà àṣírí yín fún ẹnikẹ́ni: a lè tẹ àwọn nọ́ńbà ojú ìpè pàjáwìrì, láìpe ẹnikẹ́ni, láti mọ̀ bóyá síkírínì ń gbọ́, a sì lè ṣí kámẹ́rà, láìlo nọ́ńbà àṣírí. Láti ọdún 2022 ni Samsung ti ń fi ètò kan sí fóònù rẹ̀ tó ń gbé fọ́tò àti ọ̀rọ̀ pamọ́ nígbà àtúnṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wúlò fún ẹni tí ojú fóònù rẹ̀ ti ṣókùnkùn pátápátá.

Àwọn mìíràn á sì bi mí pé, ẹ̀tọ́ àtúnṣe tí gbogbo ayé ń jà fún ńkọ́? Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbágbá. Ibi tí èrè rẹ̀ ń lọ ni mo fẹ́ ká wò. Lọ́dún 2021, àwọn oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ dunjú pààrọ̀ síkírínì iPhone 13, Face ID, tó ń dá ojú onífóònù mọ̀, sì kú, nítorí pé Apple ti so síkírínì mọ́ fóònù. Ariwo ló mú kí iléeṣẹ́ náà kéde ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn pé àwọn yóò yí i padà. Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà fòfin de irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2024. Láti ogúnjọ́ oṣù kẹfà ọdún 2025, òfin Yúróòpù ní kí iléeṣẹ́ fóònù máa pèsè ẹ̀yà fún ọdún 7 lẹ́yìn tí wọ́n bá dẹ́kun títà á. Bí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá dé Nàìjíríà, orí tábìlì mai gyara ni ọ̀pọ̀ àǹfààní rẹ̀ yóò balẹ̀ sí. Láti ìgbà tí ojú irin ti dé Kánò ní 1911, tí wọ́n sì tẹ Sabon Gari dó fún àwọn àlejò, òwò àti iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ará wa fi ń jẹun níbẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, kó wá fóònù tó ti kú kó máa tú; fóònù tí ìyá rẹ̀ fi ń gba owó ọjà kọ́ ni kó fi ṣe ìdánwò.

Ohun tó kù kò pọ̀, kò sì dúró de òfin tuntun. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń rí sí, ti sọ pé ẹni tó bá ta ọjà àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀. Kí àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò fóònù ní Farm Centre àti Beirut Road sọ ọ́ di àṣà pé rìsíìtì yóò máa sọ bóyá ojúlówó ni síkírínì, tàbí ayédèrú, tàbí èyí tí wọ́n yọ lára fóònù mìíràn. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, kí mai gyara so síkírínì tuntun mọ́ bọ́ọ̀dù láìtíì lẹ̀ ẹ́, kó tan fóònù, kí oníbàárà fi ìka ara rẹ̀ fa àwòrán kan kárí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó pe ẹnì kan, kó sì ya fọ́tò kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì fi rọ́bà dì í títí yóò fi gbẹ.