Kò Sẹ́ni Tó Ń Bọ̀ Wá Ra Kọ́ńpìnnì Yẹn

Láti Sùúrùlérè títí dé Yábàá, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu àwọn tó ní ṣíà: "Ẹ ṣáà dì í mú. Kọ́ńpìnnì kékeré ni, ṣíà rẹ̀ ò wọ́n, olówó kan máa tó wá gbà á, owó rẹ̀ á sì fò sókè." Ẹ̀tàn ni. Ẹni tó bá tìtorí ọ̀rọ̀ yìí kó owó ìfẹ̀yìntì lé ṣíà, tẹ́tẹ́ ló ń ta.

Ẹ ṣí ìwé ìròyìn ọdọọdún tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ fo àwòrán alága. Ẹ wá ojú ewé tí wọ́n to orúkọ àwọn tó ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan ló mú ju ìdajì lọ níbẹ̀, bóyá ìdílé kan, bóyá òyìnbó lókè òkun. Kí gbogbo ẹ̀yin tó kù kó tiyín tà fún olówó yẹn lọ́jọ́ kan, kò tíì gba nǹkan kan. Onílé ò tíì ní òun ń talé.

Ẹ wo PZ Cussons ní Ìlúpéjú, ní Mushin níbí. Ní 2023, ìdá 73.27 wà lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì àgbà rẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ta ló wá fẹ́ ra ìyókù lọ́dún yẹn? Kọ́ńpìnnì àgbà yìí náà ni! ₦21 ló kọ́kọ́ dá lé e, kó lè yọ ọ́ kúrò lọ́jà ìpín. Àjọ SEC tó ń mójú tó ọjà ìpín ni kò gbà fún un.

Wọ́n á ní kọ́ńpìnnì Transcorp ńkọ́? Lóòótọ́, ní 2023, olówó ńlá kan, Fẹ́mi Ọ̀tẹ́dọlá, ra ìdá 5.52 níbẹ̀, ṣíà náà sì gbéra. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ìdajì Transcorp nígbà náà, òun ló fàyè gba ìjà. Tony Elumelu, alága Transcorp nígbà náà, sáré ra tirẹ̀ kún un títí ó fi lé ní ìdá 25, Ọ̀tẹ́dọlá tà, ó jáde. Mélòó nínú ṣíà ọwọ́ yín ló rí bẹ́ẹ̀?

Bí onílé bá tiẹ̀ wá tà ńkọ́? Ní 2019, Ọ̀tẹ́dọlá kan náà ta ìdá 74 nínú Forte Oil ní ₦66.25 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sọ ọ́ di Ardova. Ẹni tó ṣì di tirẹ̀ mú títí onílé tuntun fi ra ìyókù ní 2023, ₦17.38 ni wọ́n kà fún un.

Bí alágbàtà yín bá tún ní olówó ń bọ̀, ẹ bi í ní orúkọ ẹni tó fẹ́ tà.