Fọ́tò Kan Ò Tó Ẹ̀mí
Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ń gbé létí òkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo mọ̀ pé fọ́tò ìgbì òkun àti ẹranko ìgbà òtútù dùn-ún wò. Àmọ́ ẹ rọra. Lóṣù kọkànlá àti ìkejìlá, seal, ẹran òkun yẹn, máa ń bímọ sí Donna Nook ní Lincolnshire. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 péré ni ìyá fi ń fún ọmọ lọ́mú. Téèyàn bá sún mọ́ wọn jù, ìyá lè sá wọ òkun, kó má padà mọ́. Ebi á sì pa ọmọ kú. Òfin ọdún 1970 ń dáàbò bò wọ́n lóòótọ́, àmọ́ òfin ò lè ṣọ́ gbogbo ẹni tó gbé fóònù dání. Ẹ dúró lókèèrè ya fọ́tò yín. Ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ ò bá ríran débẹ̀, kó fojú wò ó, kó máa lọ sílé.